Lúmógà àti Oòrùn Ìyá Mi

Òórùn omi iṣu ló máa ń jí mi. Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, ìyá mi á ti ṣí ìkòkò ńlá tó fi omi gbígbóná bọ iṣu sí láti ìrọ̀lẹ́ àná, òórùn náà á sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú èéfín, ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀, á lẹ̀ mọ́ aṣọ ìbora wa títí ọyẹ́ á fi lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n bí sí ẹsẹ̀ òkè Dásà, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Àwọn tí wọ́n bí sí Kútọnu kò mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní àkókò láti máa ṣàlàyé fún wọn.

Iṣu yẹn la máa ń sá sórí àpáta ẹ̀yìn ilé títí á fi gbẹ, tí á fi máa dún kọ̀kọ̀kọ̀ bí a bá fi ọ̀kan lu èkejì. Gbodo là ń pè é. Gbodo tó bá funfun, àwọn oníṣòwò ọjà Glazoué á máa du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Èyí tó bá dúdú, ewúrẹ́ ló ni ín, tàbí ẹni tí ebi ti pa kọjá ìtìjú. Oòrùn ló ń mú un funfun, kì í ṣe ọgbọ́n ẹnikẹ́ni. Ìyá mi a máa wí pé: "Iṣu, a lè gbìn ín. Omi, a lè fà á. Oòrùn nìkan ni kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni."

Àpáta náà kì í ṣe tiwa nìkan. Àwa àti ilé Ìyá Rózàlì la jọ ni ín. Ìyá Rózàlì ni aládùúgbò wa, ọdún kan náà ni òun àti ìyá mi wọlé ọkọ, láti ìgbà yẹn ni wọ́n sì ti ń ṣọ̀rẹ́. Nígbà tí wọ́n bí mi, ibà dá ìyá mi dùbúlẹ̀, ọmú Ìyá Rózàlì ni mo sì mu fún oṣù kan gbáko. Ó máa ń rán mi létí rẹ̀ nígbàkúgbà tó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́: "Ìwọ tí o fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ọmú mi já, lọ bá mi mú igbá wá."

Òkúta funfun mẹ́ta ló pààlà àpáta náà sí méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan láàárín. Àpáta gàgàrà kan wà ní ìhà ibi tí oòrùn ti ń wọ̀, bí ọ̀sán bá sì ti yẹ̀ díẹ̀, òjìji rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bo apá tiwa. Nítorí náà ni ìyá ọkọ ìyá mi àti ti Ìyá Rózàlì, tí wọ́n jẹ́ èèyàn gidi, kò fi jẹ́ kí ààlà náà gún. Wọ́n ti òkúta àárín wọ inú apá Ìyá Rózàlì, kí ìlà náà lè yọ ikùn, kí ilé tiwa náà lè rí ibi tí oòrùn máa ń dúró sí títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ fara balẹ̀ wò ó, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹni tó bá yọ òkúta àárín, ìlà á di gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ikùn oòrùn yẹn á sì kúrò lọ́wọ́ ìyá mi. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgé-tàgé ní àdúgbò wa mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan òkúta ààlà.

Ṣùgbọ́n òkúta àárín yẹn dára jù. Àwọn méjì yòókù kàn funfun lásán ni, bí eyín àgbà. Ti àárín mọ́ gaara bí omi, ó ní ẹnu mímú bí ọ̀bẹ, bí oòrùn ọ̀sán bá sì bà á, á da àwọ̀ pupa àti ewé sára àpáta. Èmi a máa lọ jókòó tì í, màá máa wò ó. Ìyá mi rò pé ẹyẹ ni mò ń lé kúrò nídìí gbodo.

Fakáńsì, ìsinmi Kérésìmesì, ló gbé Sẹ́ríjì dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi láti Kútọnu. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, èmi jẹ́ mẹ́sàn-án. Ó dé pẹ̀lú bàtà aláwọ̀ mẹ́ta àti ìwé àwòrán kan, bédé kan tó ti gbó, tó jẹ́ pé èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnu gbogbo èèyàn inú rẹ̀. Ọkùnrin burúkú inú ìwé náà ń jẹ́ Lúmógà. Ó de òkúta dídán kan mọ́ iwájú orí, ó sì ń fi í da ìmọ́lẹ̀ bí Fúlàní ṣe ń da màlúù. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ hun okùn, ó ń fi rọ idà, ó ń fi ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ mẹ́wàá tí àwọn ọlọ́pàá á máa yìnbọn sí lásán. Lọ́jọ́ kan ó fa ìmọ́lẹ̀ odidi ìlú kan sínú òkúta náà, ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án gangan, ó wá dúró sórí ilé gíga, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn nìkan gba ojú ewé kan.

Ṣíọ̀! Òmùgọ̀ paraku ni Lúmógà. Àgbàyà tó wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ra, tó so aṣọ mọ́ ẹ̀yìn bí abiyamọ tí ọmọ ti jábọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ ayé jọ tán, kí ló wá fi ṣe? Ó fi fọ́ ilé owó! Ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Mo sọ ìtàn náà fún ìyá mi bí ẹni ń sọ ìtàn ẹni mímọ́, níbi tí òun àti Ìyá Rózàlì ti jókòó tí wọ́n ń bó iṣu. Ìyá mi kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní: "Oòrùn ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, owó ló tún ń wá kiri? Ẹ ní kó máa bọ̀ wá bá mi sá gbodo. Màá bọ́ ọ." Ìyá Rózàlì rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní: "Àmọ́ kó bọ́ ṣòkòtò yẹn sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ tèmi o!"

Ojú ewé mẹ́ta tó kẹ́yìn ti ya kúrò lára ìwé náà. Sẹ́ríjì ní ẹlẹ́pà kan ló fi di ẹ̀pà. A ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Lúmógà já sí, kò sì kàn wá. Ohun tó kàn wá ni ká ṣe Lúmógà.

Sẹ́ríjì ló sì ń ṣe é lójoojúmọ́. Ó wá ìdí ìgò bíà kan, ó fi okùn dè é mọ́ orí, ó gun àpáta, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni ará ìlú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa sáré yí ilé ká, kí n máa pariwo pé "Ojú mi o! Ojú mi o!" Mo pariwo ní ọjọ́ kìíní, mo pariwo ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta ọ̀fun ń dùn mí. Mo ní kó jẹ́ kí èmi náà ṣe Lúmógà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tí ń wo bàtà tó ti já, ó ní: "Obìnrin kì í ṣe Lúmógà. Àti pé, òkúta tìrẹ dà?"

Òkúta tèmi! Ó ń bi mí ní òkúta tèmi, òun tó fi ìdí ìgò sórí!

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí ìyá mi ti gba ọ̀nà kànga lọ báyìí, mo mú ọkọ́ kékeré, mo gun àpáta. Ọyẹ́ ń bù mí jẹ ní ẹsẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ òkúta náà sínú pàlàpálá àpáta, amọ̀ náà sì ti gbó. Mo gbẹ́ ẹ, mo mì ín, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò ju ẹyin pẹ́pẹ́yẹ lọ. Mo wá fi iyẹ̀pẹ̀ bo ojú ihò náà bí ológbò tó ṣu sílẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Ìpinnu tó gba àwọn àgbà méjì ní ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó ṣe, mo tú u palẹ̀ kí ẹnu mi tó gbẹ.

Nígbà tí oòrùn yọ, mo pe Sẹ́ríjì sẹ́yìn ilé ìdáná, mo gbé òkúta náà sókè. Àwọ̀ pupa àti ewé àti òféfèé bọ́ sára ògiri. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó tú ìdí ìgò kúrò lórí. Fún bíi wákàtí kan ní ayé mi, èmi ni Lúmógà, mo ní gbogbo ìmọ́lẹ̀ Dásà lọ́wọ́. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo fi ṣe? Mo tan án sí ewúrẹ́ lójú. Ewúrẹ́ náà ń jẹ èèpo iṣu rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ igbe ìyá mi.

Rózàlì, àkọ́bí Ìyá Rózàlì, ọmọ bíi ọdún mẹ́rìnlá, ni wọ́n rán lọ sá gbodo ní àárọ̀ yẹn. Òkúta méjì ló rí. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó sá iṣu rẹ̀ gbọọrọ dé ibi tí ìlà gbà. Ìyá mi dé pẹ̀lú abọ́ iṣu lórí, ó bá iṣu ẹlòmíràn nínú oòrùn tirẹ̀, kò sì rí òkúta àárín. Kí n tó dé ibẹ̀ ó ti pe ọmọ náà ní olè. Rózàlì ń sunkún, ó ń na ọwọ́ méjèèjì sí ọ̀run, ó ń búra pé bí òun ṣe bá a nìyẹn. Ìyá rẹ̀ sáré jáde.

"Ọmọ mi lo pè lólè?"

"Ọmọ kì í dá ààlà yọ. Ẹni tó rán an ni mò ń bá wí."

"Èmi? Èmi tí mo fún ọmọ rẹ lọ́mú? Ìwọ lo yọ òkúta yẹn, kí o lè rí ẹ̀sùn fi kàn mí! Kí lo tilẹ̀ fẹ́ fi oòrùn ṣe, ìwọ tí gbodo rẹ dúdú bí ìdí ìkòkò?"

Irọ́ ni, gbodo ìyá mi ló funfun jù ní àdúgbò, àwọn méjèèjì sì mọ̀. Ìyá mi na ọwọ́ sí mi níbi tí mo dúró sí, ó ní: "Òun nìyẹn. Ọmú tí o fún un, wá gbà á padà!"

Mo dúró láàárín wọn, òkúta náà wà nínú ìṣẹ́po aṣọ mi, ó tutù mọ́ ikùn mi. Bí mo bá mú un jáde ní ìṣẹ́jú yẹn, wọn ì bá nà mí dáadáa, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Gbogbo ohun tí n bá fi sanwó rẹ̀ kò ju ẹgba mẹ́fà lọ. Mo dákẹ́. Nígbà tí ìyá mi pe gbogbo ọmọdé ilé jọ ní ìrọ̀lẹ́, tó ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá a rí òkúta, Sẹ́ríjì wo bàtà aláwọ̀ mẹ́ta rẹ̀, èmi wo ojú ìyá mi gan-an, mo ní: "Mi ò rí i, Màmá."

Sẹ́ríjì padà sí Kútọnu ní ọjọ́ Sátidé. Ó ti di èèyàn ńlá níbẹ̀ báyìí, ó ń wọ kóòtù nínú ooru. Mo pè é lórí fóònù lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo rán an létí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ìwọ ṣì ń rántí ìyẹn?" Kò sí ohun tó ṣòro fún un rí, àti gbàgbé náà kò ṣòro fún un.

Àwọn ìyá ọkọ méjèèjì tó pa ààlà náà ti kú, àwọn àgbà àdúgbò ló dá sí i. Wọ́n ní ohun tí ojú rí ni àwọn lè dájọ́ lé, òkúta méjì ni ojú sì rí. Bàbá mi, tí kò fẹ́ràn ariwo, ní kí ìyá mi gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òjìji ń bo gbodo wa láti ọ̀sán, ní ọ̀sẹ̀ kejì ó ti ń bu, ó ń dúdú. Ìyá mi kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó gbé abọ́ rẹ̀ rù, ó kó gbodo lọ sá sí ẹ̀gbẹ́ gudúrọ̀n, ọ̀nà ọkọ̀ ńlá tó lọ sí Parakou, níbi tí kamiyọ́ọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù, ti ń da eruku lé e lórí, tí ewúrẹ́ ọlọ́jà sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀nà náà jìn, a ń kó o lọ ní òwúrọ̀, a ń kó o bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ní gbogbo ọyẹ́ tí Ọlọ́run dá, títí mo fi lọ sí kọlẹ́jì. Èmi ni mò ń tẹ̀lé e, abọ́ kékeré lórí. Olè ń bá olóhun ru ẹrù. Bí ọrùn bá ti ń wọ̀ ọ́, ìyá mi á sọ ọ́ sí afẹ́fẹ́ pé: "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a." Ìyá Rózàlì ló ń bá wí. Èmi á sì dáhùn lẹ́yìn rẹ̀ pé: "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Wọn kò jọ jókòó nínú ìjọ mọ́. Nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, tí àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ bá kún Arigbó, ojúbọ Màríà ní Dásà, àwọn méjèèjì á kúnlẹ̀ níwájú ihò àpáta kan náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kálukú ń fi ẹjọ́ èkejì sun Màríà. Rózàlì dàgbà, ó lọ́kọ, ó padà sílé ìyá rẹ̀. Bó bá rí ìyá mi lọ́nà, á yà sínú igbó. Orúkọ tí wọ́n pè é ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò jẹ́ kó lè kí i.

Èmi ńkọ́? Mo kàwé o. Mo di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní kọlẹ́jì kan ní Bohicon. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín: ìmọ́lẹ̀ ni mo ń kọ́ wọn. Lọ́dọọdún, bí a bá dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pín sí àwọ̀, màá ṣí dúróọ̀ tábìlì mi, màá mú òkúta ààlà ìyá mi jáde, màá gbé e sí ojú fèrèsé, àwọn ọmọ á pariwo. Bí wọ́n bá bi mí pé "Madam, níbo lẹ ti rí i?", màá ní: "Ìyá mi ló fún mi." Ọdún kan, mo lé ọmọ kan jáde ní kíláàsì torí pé ó jí pẹ́ńsùlù ẹnìkejì rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ nípa òtítọ́ fún un títí aago fi lù. Ẹ̀rù kò tilẹ̀ bà mí. Ogún ọdún tí ìyá mi fún irọ́ ti kọjá tipẹ́, ó ti di ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mo sì ti gbà pé arọ ni òtítọ́.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni mo lọ kí ìyá mi. Ó ti darúgbó, kò sá gbodo mọ́. Wọ́n ní Ìyá Rózàlì dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, gbogbo àdúgbò ti lọ kí i, àwọn kan ti ń sọ̀rọ̀ aṣọ òkú. Ìyá mi jókòó síta, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Mo ní: "Màmá, ẹ ò ní lọ kí i ni?"

Ó ní: "Mi ò kí olè. Kó gbé òkúta mi dání lọ sọ́run."

Mo mọ̀ pé bí obìnrin yẹn bá kú, ìyá mi kò ní lọ síbi òkú rẹ̀, obìnrin náà á sì gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ sọ́run. Mo ṣí àpò kíláàsì mi tí mo gbé ti Bohicon bọ̀, mo gbé òkúta náà sórí ẹ̀wà tó ń ṣa. Oòrùn bà á, àwọ̀ pupa àti ewé bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò bi mí pé kí nìyí. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: Sẹ́ríjì, ìdí ìgò, Lúmógà, ewúrẹ́. Bí mo ti ń rò ó ni mò ń gbọ́ bó ṣe kéré tó. Mo ń retí igbe. Mo ń retí kó fi atẹ ẹ̀wà yẹn gbá mi lórí.

Ó mú òkúta náà, ó yí i po. Ó wá bi mí pé: "Ọkùnrin inú ìwé yẹn, oníṣòkòtò yẹn, báwo ló ṣe padà wá parí?"

Mo ní: "Mi ò mọ̀, Màmá. Ojú ewé tó kẹ́yìn ti ya."

"Èmi mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ó dàgbà. Ó kàwé. Ó di olùkọ́, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwà."

Ó dìde, ó so òkúta náà mọ́ etí ìró, ó mú ọ̀pá rẹ̀. Mo ní kí n tẹ̀ lé e, kí n di apá rẹ̀ mú, torí àpáta náà ń yọ̀. Ó ní: "Jókòó síbẹ̀." Mo jókòó. Mo wò ó bó ti ń gun àpáta díẹ̀díẹ̀, tó dúró ní ibi tí ihò òkúta àárín wà, tó fi ọ̀pá tọ́ ọ wò, tó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Rózàlì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ń gbálẹ̀. Mo rí i tí ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí ìyá mi tó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó lè bí, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, mo sì rí Rózàlì tó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀ tó ń fà á dìde. Mi ò lè wò ó mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ló tó padà. Kò sí òkúta lára rẹ̀ mọ́. Abọ́ bíbò kan ló gbé lọ́wọ́. Ó jókòó, ó ṣí i: ẹ̀wà sísè pẹ̀lú epo àti gààrí, bí wọ́n ṣe máa ń sè é nílé Ìyá Rózàlì láyé àtijọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun níwájú mi. Ìyá mi, tó máa ń pe àjèjì tó ń kọjá lọ wá jẹun, kò ní kí n wá. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu abọ́, ó tì í sọ́dọ̀ mi.

Ó ní: "Rózàlì ní kí n kí ọ. Ìwọ lo máa dá abọ́ rẹ̀ padà láàárọ̀ ọ̀la. Orí àpáta ni kí o gbà."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn, burúkú bó ṣe burú tó, ó ní ẹsẹ̀ láti gun àpáta yẹn nínú òtútù, nígbà tó bá fẹ́ nǹkan. Èmi tí mo pé ọdún mọ́kànlélógójì, olùkọ́, mo gbé abọ́ náà lọ sídìí omi, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti mọ́ láti ìgbà àkọ́kọ́.